Iṣẹ́ Abẹ́rẹ́ Lásìkò Òjò

  

Ní ilẹ̀ Òkè-Ògùn, láti Ìsẹ́yìn dé Òkèihò, láti Tedé dé Ṣakí, Ìgbòho àti Kíṣì, kò sí obìnrin tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀ nígbà òjò. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta tàbí oṣù kẹrin, àgbàdo ń bẹ láti gbìn, ẹ̀gúsí ń bẹ láti gbìn, ẹ̀pà ń bẹ láti ro. Kí a tó ní a fẹ́ sinmi, èso òrí ti bẹ̀rẹ̀ sí í jábọ́ nínú ọ̀dàn, ẹni tí kò bá sì jí lọ ṣà á ní kùtùkùtù, ẹlòmíràn á ti ṣà á lọ. Lẹ́yìn èyí ni kí a se é, kí a sá a, kí a pa á, kí a gún un, kí a pò ó, kí a tó rí òrí tí a ó gbé lọ sí ọjà. Irú ń bẹ nínú ìkòkò. Ọmọ ń bẹ lẹ́yìn. Bí ó bá sì di ìparí oṣù keje, ilé ìwé á gba ìsinmi, gbogbo ọmọ á kún ilé, ẹnu tí a ó bọ́ lọ́sàn-án á sì pọ̀ sí i. Obìnrin tí ó bá wí pé òun kò ráyè họ orí, kò purọ́.

Nítorí náà, bí a bá wí pé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ni a fẹ́ sọ lọ́sẹ̀ yìí, a mọ̀ pé àwọn kan yóò rẹ́rìn-ín. Wọn á ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí òjò dá ná." Ṣùgbọ́n ohun tí a fẹ́ kí ẹ bá wa rò gan-an nìyẹn. Bí òjò bá dá tán, ọyẹ́ ni ó kàn.

Ọyẹ́ kì í ránṣẹ́ sílẹ̀

Ẹni tí ó ń gbé ní Èkó lè má mọ bí ọyẹ́ ti ń ṣe ní ilẹ̀ ọ̀dàn. Àwa mọ̀ ọ́n. Bí ó bá ti di oṣù kọkànlá sí oṣù kejìlá, afẹ́fẹ́ láti aṣálẹ̀ lókè lọ́hùn-ún á bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, ètè á là, ẹsẹ̀ á sán. Oòrùn á mú lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n bí ó bá di ìdájí, òtútù á wọlé tọ̀ wá. Ọmọ kékeré tí ó sùn lórí ẹní á ká jọ bí ìgbín. Àwọn ọmọ mẹ́ta á máa fa ìró ìyá wọn kan ṣoṣo mọ́ ara wọn lọ́wọ́, èyí tí ó bá sì sùn sí ẹ̀gbẹ́ ni yóò wúkọ́ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.

Àkókò yìí gan-an ni ìyá tí ó ti ń dúró de àyè á ṣẹ̀ṣẹ̀ wá abẹ́rẹ́. Ó ti pẹ́ jù. Ohun tí ó kù fún un ni kí ó sáré lọ sí ọjà, kí ó ra búláńkẹ́ẹ̀tì òkìrìkà ní iyekíye tí ẹni tí ń tà á bá pè é, nítorí ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń gbọ̀n nílé kò lè ná ọjà pẹ́. Bí kò bá sí owó lọ́wọ́, àwìn ni yóò rà, gbèsè náà á sì bá a wọ ọdún tuntun. Àwọn àgbà ní abẹ́rẹ́ á lọ kí ọ̀nà okùn tó dí. Abẹ́rẹ́ tí yóò rán aṣọ ọyẹ́, inú òjò ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀ ìrìn rẹ̀.

Kí ni ìbora àránpọ̀?

Ohun tí a ní lọ́kàn ni ìbora tí a fi ègé aṣọ ṣe. A ó kó àwọn ègé náà jọ, a ó gé wọn kí wọ́n dọ́gba, a ó rán wọn pọ̀ di ojú aṣọ kan. A ó fi ògbólógbòó ìró ṣe àárín rẹ̀, a ó fi aṣọ mìíràn tẹ́ abẹ́ rẹ̀, a ó wá fi abẹ́rẹ́ mú aṣọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ kí wọ́n má lè yẹ̀ lára ara wọn. Ooru ara ọmọ á há sí àárín aṣọ mẹ́ta yìí, kò ní tètè jáde. Ìdí nìyẹn tí ó fi ń móoru ju ìró kan ṣoṣo lọ, bí ìró náà tilẹ̀ nípọn.

Irú iṣẹ́ yìí kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ ọ̀dàn. Láyé ogun, àwọn ẹlẹ́ṣin ilẹ̀ Haúsá àti ti Bọ̀rnú máa ń wọ aṣọ tí a ki òwú àràbà sí nínú, tí a sì fi abẹ́rẹ́ rán já láti òkè dé ìsàlẹ̀. Wọn á fi irú rẹ̀ bo ẹṣin wọn pẹ̀lú, kí ọfà má baà wọlé. Lífídì ni àwọn Haúsá ń pè é. Títí di òní, bí ẹ bá wo àwọn ẹlẹ́ṣin tí ń tẹ̀lé ọba Kánò nígbà ọdún Iléyá, ẹ ó rí àwọn tí wọ́n wọ̀ ọ́. Bí aṣọ tí a rán já bá lè dá ọfà dúró, yóò lè dá ọyẹ́ dúró.

Ohun tí àwọn ìyá ńlá wa mọ̀

Nígbà tí a bá dárúkọ Ìsẹ́yìn, òfì ni ó ń wá sí ọkàn gbogbo ènìyàn. Òfì tí ayé mọ̀ yìí, iṣẹ́ ọkùnrin ni tẹ́lẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé obìnrin ti pọ̀ nídìí rẹ̀ lónìí. Aṣọ tí ń jáde lára rẹ̀ gùn gbọọrọ, ṣùgbọ́n ìbú rẹ̀ kò ju nǹkan bí ínṣì 4 sí 6 lọ. Ibẹ̀ ni a ti ń rí ẹtù, sányán àti àlàárì. Àmọ́ àwọn obìnrin ayé àtijọ́ ní òfì tiwọn tí ó yàtọ̀. Lóòró ni ó máa ń dúró, a ó fi ti ògiri nínú ilé. Aṣọ tirẹ̀ fẹ̀, ó nípọn, ó sì lágbára. Kíjìpá ni a ń pè é. Òwú tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ran ni wọ́n fi ń hun ún. Wọ́n ń wọ kíjìpá lọ sí oko, wọ́n ń ró o ní ìró, wọ́n sì ń fi í bora lálẹ́.

Ẹ kíyèsí ibi tí wọ́n gbé òfì yìí sí. Inú ilé ni. Ìyá á gbé ọbẹ̀ kaná, á jókòó nídìí òfì rẹ̀, á fi òwú kọjá nínú rẹ̀ bí ìgbà mẹ́wàá. Ọmọ á ké, á dìde. Bí ó bá padà dé lẹ́yìn wákàtí kan, tàbí lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta pàápàá, iṣẹ́ náà wà bí ó ti fi í sílẹ̀. Kò tú, kò sì bàjẹ́. Àwọn ìyá wọ̀nyí kò dúró de ọjọ́ tí wọn kò ní ṣe nǹkan mìíràn, nítorí wọ́n mọ̀ pé irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kò sí. Síbẹ̀ kíjìpá ń parí, a ń ró o, a sì ń jogún rẹ̀.

Ohun méjì ni ó ràn wọ́n lọ́wọ́: iṣẹ́ náà wà nítòsí, ó sì ṣeé fi sílẹ̀ nígbàkígbà. Ẹ di méjèèjì mú. Bí iṣẹ́ abẹ́rẹ́ yín bá wà nísàlẹ̀ àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tàbí bí ó bá jẹ́ irú èyí tí ẹ gbọ́dọ̀ tú sílẹ̀ kún gbogbo yàrá kí ẹ tó lè ran ojú kan, kò ní parí nígbà òjò. Ṣebí ẹ̀sìn wa náà kọ́ wa pé iṣẹ́ rere tí a ń ṣe déédé, bí ó tilẹ̀ kéré, ni Ọlọ́run fẹ́ràn jù.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀

Ohun tí ó ń ba ènìyàn lẹ́rù nínú iṣẹ́ yìí ni títóbi rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ṣírò rẹ̀, ẹ̀rù á lọ. Ìbora tí yóò to ọmọ ọdún 5 sí 9 kò ju ẹsẹ̀ bàtà 4 ní ìbú àti ẹsẹ̀ bàtà 5 ní gígùn lọ. Ẹ jẹ́ kí ègé kọ̀ọ̀kan jẹ́ ínṣì 6 ní ìbú, ínṣì 6 ní gígùn, lẹ́yìn tí a bá rán an tán. Ínṣì 7 ni kí ẹ gé e, kí ààbọ̀ ínṣì lè wọ inú ojú ìrán ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ègé 8 ni yóò wà ní ìbú, ègé 10 ní gígùn, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ 80.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà títí dé ìparí oṣù kẹsàn-án, ọ̀sẹ̀ 17 ni. Ẹ yọ ọ̀sẹ̀ 1 sílẹ̀ fún àìsàn tàbí àlejò, ó ku 16. Ẹ pín 80 sí ọ̀nà 16, ègé 5 ni ó kan ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Kò tilẹ̀ tó ègé kan lójúmọ́! Ẹni tí ó bá rán ègé kan lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ní ọjọ́ márùn-ún nínú ọ̀sẹ̀, ó ti ṣe tirẹ̀, ó sì ní ọjọ́ méjì tí kò fọwọ́ kan abẹ́rẹ́.

Nígbàkígbà tí ẹ bá ti rán ègé 8 pọ̀, ìlà kan ti parí nìyẹn. Ẹ ká a, ẹ fi okùn dì í, ẹ gbé e pamọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ìlà 10 ni a ń wá. Ní oṣù kẹwàá tí òjò bá ń palẹ̀ mọ́, ẹ ó so àwọn ìlà náà pọ̀, ẹ ó sì fi aṣọ àárín àti aṣọ abẹ́ sí i. Nígbà tí ọyẹ́ bá fi kan ilẹ̀kùn, ìbora ti wà lára ọmọ.

Ibi tí a ó ti rí ègé aṣọ

Ọdún wa tí ń tẹ̀lé oṣù ojú ọ̀run fi nǹkan bí ọjọ́ 11 kúrú sí ọdún òyìnbó, ìdí nìyẹn tí Iléyá fi ń tètè dé sí i lọ́dọọdún. Ní ọdún 2023, ọjọ́ 28 oṣù kẹfà ni a ṣe é. Ní ọdún 2024, ọjọ́ 16 oṣù kẹfà ni. Ní ọdún 2025, ọjọ́ 6 oṣù náà ni. Bí ó ti ń lọ bẹ́ẹ̀, nígbà tí a bá fi dé ọdún 2030, inú oṣù kẹrin ni yóò bọ́ sí. Ní àwọn ọdún wọ̀nyí, iṣẹ́ oko àti aṣọ ọdún ti bọ́ sí àkókò kan náà, ìnira ńlá sì ni fún ìyá ilé. Ṣùgbọ́n àǹfààní kan wà nínú rẹ̀. Bí Iléyá bá ti kọjá, ilẹ̀ ìsọ̀ àwọn télọ̀ á kún fún àjákù àǹkárá, àdìrẹ àti gíní, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n sì ń gbá dà sí ààtàn tàbí tí wọ́n ń fi dáná. Ẹ lọ síbẹ̀ pẹ̀lú àpò. Ẹ kí télọ̀ yín dáadáa, ẹ bẹ̀ ẹ́ kí ó máa bá yín kó tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ tún wo inú ilé: aṣọ ilé ìwé tí ó ti kéré fún ọmọ, apá agbádá tí iná jó létí, ìró tí ó ya láàrin ṣùgbọ́n tí etí rẹ̀ ṣì le.

Ẹ má ṣe lo gbogbo ohun tí ẹ bá rí. Léèsì ní ihò, ẹ yọ ọ́ kúrò. Aṣọ tí ó bá ń yọ̀ lọ́wọ́ yóò dà yín láàmú. Àǹkárá àti àdìrẹ wúwo bákan náà, wọ́n sì mọwọ́ ara wọn. Àjákù òfì wúwo jù wọ́n lọ. Bí ẹ bá rán an mọ́ àǹkárá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, yóò fa àǹkárá náà ya lọ́jọ́ tí ẹ bá fọ̀ ọ́. Bí ẹ bá rí òfì púpọ̀, ẹ fi òun nìkan ṣe ìbora tirẹ̀. Ẹ má gé e sí wẹ́wẹ́, nítorí ibi tí a bá gé lára òfì ni yóò máa tú. Ẹ fi etí rẹ̀ ti etí ara wọn bí télọ̀ ti ń ṣe. Òfì tí ó fẹ̀ tó ínṣì 4, 12 rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn á fún yín ní ẹsẹ̀ bàtà 4 gẹ́lẹ́.

Ìgbà wo ni a ó ráyè?

Ìrun márùn-ún ti pín ọjọ́ fún wa. Ẹ jẹ́ kí a tẹ̀lé e, kí a wo ibi tí abẹ́rẹ́ lè gbà wọlé.

Lẹ́yìn àsùbáà, ẹ jẹ́ kí ó lọ. Oko ni ó ni àkókò yẹn, èso òrí ni ó ni í. Ẹni tí ó bá fi abẹ́rẹ́ kún un kàn ń wá àárẹ̀ kiri ni.

Láàrin àílà àti alásàrì, oòrùn mú tàbí òjò ń rọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wa sì wà nídìí igbá lọ́jà. Oníbàárà kan ti lọ, èkejì kò tíì dé. Ibí yìí ni ojúlówó àyè iṣẹ́ abẹ́rẹ́ wà. Ẹ wá àpò kékeré kan, ègé 5 ti ọ̀sẹ̀ yẹn nìkan ni kí ó wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú abẹ́rẹ́, òwú ìránṣọ àti àlùmọ́gàjí. Ẹ má kó gbogbo 80 dání, nítorí òkìtì iṣẹ́ máa ń mú kí ó rẹ ènìyàn kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń pò òrí tàbí tí ó ń fọ irú kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan aṣọ títí yóò fi fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀ dáadáa, torí ọ̀rá àti òórùn tí ó bá wọ aṣọ kì í tètè lọ.

Lẹ́yìn ìṣáì, ẹ má ṣe ránṣọ lójú àtùpà, pàápàá aṣọ aláró tí ó dúdú. Ó máa ń mú kí ojú rẹ ènìyàn. Bí oorun kò bá tíì kùn yín, ẹ fi òwú bọ abẹ́rẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin sílẹ̀ fún ọ̀la, nítorí fífi òwú bọ abẹ́rẹ́ ni ó ń gba àyè jù nígbà tí oníbàárà bá ń pè.

Ọjọ́ tí òjò bá rọ̀ láti àárọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lè lọ sí oko, ẹ fi gé aṣọ. Ẹ gé páálí kan sí ínṣì 7 ní gbogbo ẹ̀gbẹ́, kí ẹ máa fi wọn gbogbo ègé kí wọ́n lè dọ́gba. Ọjọ́ kan irú èyí tó láti gé gbogbo ohun tí ẹ ó lò dé ìparí.

Ní oṣù kẹwàá, nígbà tí ó bá kan mímú aṣọ mẹ́ta pọ̀, ẹ má dá a ṣe. Àwọn baba wa mọ àáró lóko: lónìí a ó ro oko tìrẹ, lọ́la a ó ro oko tèmi. Kí obìnrin márùn-ún nínú ẹgbẹ́ àsàlátù pàdé nílé ẹnìkan lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, kí wọ́n tẹ́ ìbora sórí ẹní, kí wọ́n yí i ká. Ibi tí igun ègé mẹ́rin ti pàdé ni kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún já dé abẹ́, kí wọ́n fà á padà, kí wọ́n ta òwú rẹ̀ ní kókó méjì tí ó le. Nínú ìbora wa yìí, 63 ni irú igun bẹ́ẹ̀. Bí ènìyàn márùn-ún bá pín in, kò tó 13 fún ẹnìkan. Ọ̀sán kan tó láti ṣe é tán. Lọ́sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, ilé ẹlòmíràn. Nínú oṣù kan àti ọjọ́ díẹ̀, ilé márùn-ún ti ní ìbora.

Kì í ṣe àwa nìkan

Àwọn obìnrin ilẹ̀ mìíràn tí iṣẹ́ wọn pọ̀ bíi tiwa ti rin ọ̀nà yìí. Ní Bangladesh, níbi tí Mùsùlùmí pọ̀ jù, àkókò òjò ńlá gan-an ni obìnrin abúlé máa ń rán ìbora tí wọ́n ń pè ní kantha. Òjò ti sé wọn mọ́lé, wọn á to ògbólógbòó aṣọ sárì lé orí ara wọn, wọn á fa òwú aláwọ̀ yọ létí sárì, wọn á sì fi rán an já wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Bí ọdún kan kò bá tó, òjò èèmíràn á bá a níbẹ̀.

Ní ìhà Karnataka ní ilẹ̀ Íńdíà, àwọn ènìyàn kan wà tí a ń pè ní Siddi. Ará Áfíríkà ni àwọn baba ńlá wọn, tí a kó gba orí òkun lọ síbẹ̀ láyé àtijọ́, Mùsùlùmí sì pọ̀ nínú wọn. Ìbora tiwọn ni kawandi. Wọn kì í gé ègé aṣọ kí ó dọ́gba rárá. Etí ìbora ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, wọn á máa fi ègé onírúurú rán yíká, yíká, títí wọn yóò fi dé àárín. Ẹ̀yin tí ìwọ̀n àti páálí bá sú, ẹ gbìyànjú ti àwọn Siddi. Ó gba àjákù tí ó kéré jù, a sì lè fi í sílẹ̀ níbikíbi. Bí wọ́n bá rán an tán, wọn á fi ègé aṣọ tí a ṣẹ́ po sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, òdòdó ni wọ́n ń pè é, nítorí lójú wọn, ìbora tí kò ní i kò tíì parí.

Ní Alabama ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ìletò kan wà tí odò yí ká, Gee's Bend ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ àwọn ẹrú ni wọ́n, oko òwú ni wọ́n ń ṣe. Ilé wọn tí a fi pákó kàn kò gbá òtútù dúró, nítorí náà àwọn ìyá ibẹ̀ ń fi aṣọ oko tí ó ti gbó rán ìbora fún ọmọ wọn. Ní ọdún 1966, àwọn obìnrin adúgbò náà wà lára àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí a ń pè ní Freedom Quilting Bee sílẹ̀ láti máa ta iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Ní ọdún 2002, a pàtẹ ìbora Gee's Bend ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá ní Houston, lẹ́yìn náà ní New York. Ní ọdún 2006, ìjọba Amẹ́ríkà tẹ àwòrán wọn sára sítám̀pù. A kò sọ èyí kí ẹ lè máa retí New York. Òtútù ọmọ ni àwọn ìyá wọ̀nyẹn kọ́kọ́ rí kí ẹnikẹ́ni tó rí iṣẹ́ wọn.

Ọ̀rọ̀ kan fún àwọn bàbá

Ẹ̀yin ọkọ wa, ẹ má ṣí ewé yìí kọjá. Bí gbogbo àyè tí ìyàwó ní bá jẹ́ èyí tí ó jí láti inú oorun rẹ̀, ìbora yóò parí ṣùgbọ́n ìlera rẹ̀ á dín kù. Ìwọ̀nba ìrànlọ́wọ́ díẹ̀ ni a ń bẹ̀ yín fún: kí ẹ gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ láàrin alásàrì àti mọ́gàríbì, kí ẹ rán àwọn ọmọkùnrin lọ pọn omi, kí ẹ má sì máa pe abẹ́rẹ́ ní iṣẹ́ ọ̀lẹ. Ìyá wa Àíṣà sọ fún wa pé Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a, máa ń rán aṣọ ara rẹ̀ nílé. Ṣé ẹni tí ó bá tẹ̀lé irú ìṣe bẹ́ẹ̀ lè tẹ́?

Ní ti àwọn ọmọ, ìsinmi ilé ìwé tí a ń kà sí ìyọnu yìí lè di àǹfààní. Ọmọ ọdún 7 lè ya aláwọ̀ kan sọ́tọ̀ kúrò lára òmíràn. Ọmọ ọdún 10 lè rán ojú ìrán tààrà bí ẹ bá fi ilà fún un. Àti ọkùnrin àti obìnrin ni kí ẹ kọ́. Ọmọ tí ó bá rán ègé mẹ́ta nínú ìbora rẹ̀ kò ní fi nu ẹsẹ̀.

Ohun tí ẹ ní láti ṣọ́ra fún

Ọ̀rinrin ni ọ̀tá iṣẹ́ yìí nígbà òjò. Aṣọ tí kò gbẹ dáadáa tí a dì pamọ́ á bu, á sì rùn. Lọ́jọ́ tí oòrùn bá ràn, ẹ kó àwọn ìlà tí ẹ ti rán síta kí wọ́n yá oòrùn.

Aró máa ń ràn. Kí ẹ tó gé àdìrẹ tàbí ẹtù, ẹ fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀ títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọjọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ fọ ìbora ni gbogbo ègé funfun inú rẹ̀ á di aláró.

Abẹ́rẹ́ kéré, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun mímì fún adìẹ, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ohun tí ọmọ tí ń rá lè rí he nílẹ̀. Ẹ ka abẹ́rẹ́ yín kí ẹ tó jókòó, ẹ tún kà á kí ẹ tó dìde, kí ẹ sì máa gún un mọ́ ègé tìmùtìmù kan.

Bí ẹnìkan bá wá bi yín pé, "Kí ni gbogbo wàhálà yìí, nígbà tí búláńkẹ́ẹ̀tì wà lọ́jà?" ẹ má bá a jà. Ẹni tí ó bá ní owó rẹ̀, kí ó rà, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọmọ mẹ́rin ń sùn lórí ẹní rẹ̀ mọ iye tí mẹ́rin yóò jẹ́ lọ́jà, ó sì mọ iye tí àjákù aṣọ jẹ́ nílẹ̀ télọ̀. Bí ẹ kò bá lè ṣe ju ẹyọ kan lọ́dún yìí, ti ọmọ tí ó máa ń wúkọ́ jù ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe. Lọ́dún tí ń bọ̀, ẹ tún ṣe ọ̀kan.

Ẹ má dúró de ìgbà tí ọwọ́ yóò dilẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Kí ọjọ́ Jímọ̀ tí ń bọ̀ tó kọjá, ẹ wá páálí kan, ẹ gé e sí ínṣì 7, ẹ gé ègé aṣọ méjì, ẹ rán wọn pọ̀. Ó ku 78.

Kí Ọlọ́run fi àlàáfíà bo àwọn ọmọ wa. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.